Kí Á Tó Lọ Wo Liverpool: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìrìn-Àjò Afẹ́

 

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí lílọ wo àwọn ìlú àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí ó fa ẹ̀kọ́ náà nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Ṣàngótẹ̀dó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú Liverpool. Nígbà tí ó dé, ó fi àwòrán hàn wá: pápá bọ́ọ̀lù Anfield, èbúté Albert Dock tí wọ́n ṣí ní ọdún 1846, àti ère àwọn olórin Beatles mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní etí odò. Àwòrán náà dára. A wá bi í bóyá ó dé Brougham Terrace, ní òpópónà West Derby. Ó ní ọkọ̀ gbé òun kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ojú tì í díẹ̀. Nígbà tí a rò ó dáadáa, a rí i pé àwa tí a ṣáájú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ojú tì, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí nínú wa.

KÍ NI ISLAM SỌ NÍPA ÌRÌN-ÀJÒ?

Islam kò ní kí mùsùlùmí má rìn kí ó lọ wo ìlú mìíràn, bí kò bá ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kún un. Àṣẹ pé kí á rìn lórí ilẹ̀ kí á sì wòye wà nínú Al-Kùránì ní ibi púpọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni Súrátul-Ankabúút, ẹsẹ 20. Nínú Súrátul-Hájì, ẹsẹ 46, Ọlọ́hun so ìrìn orí ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkàn tí ń ronú àti etí tí ń gbọ́, Ó sì fi yé wa pé ojú ènìyàn lè ríran dáadáa kí ọkàn rẹ̀ ó fọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó rìn tí kò ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó rìnrìn-àjò.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ohun tí ènìyàn mọ̀ kí ó tó kúrò nílé ni yóò jẹ́ kí ó rí ohun tí ó wà níbi tí ó dé. Bí a kò bá mọ Èkó, Liverpool kò ní bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé.

ỌMỌ LIVERPOOL TÍ Ó WÁ SÍ ÈKÓ

Ní ọdún 1856 ni wọ́n bí William Henry Quilliam ní Liverpool. Iṣẹ́ lọ́yà ni ó ń ṣe. Àìsàn mú un, ó sì lọ sinmi ní ilẹ̀ Mòrókò kí ara rẹ̀ lè yá. Ibẹ̀ ni ó ti rí bí àwọn mùsùlùmí ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn. Ní ọdún 1887 ó gba ẹ̀sìn Islam, ó sì ń jẹ́ Abdullah. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ọ̀dọ́: àwọn ará Mòrókò tí wọ́n ń kírun lójú rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣòótọ́ lọ́jà lójú rẹ̀, kò lè mọ ohun tí ìwà wọn yóò bí. Àlejò ń wo onílé, bí onílé ṣe ń wo àlejò.

Ní ọdún 1889, Quilliam àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣí mọ́ṣáláṣí ní Brougham Terrace. Òun ni mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn mọ̀ dájú pé wọ́n ń kírun nínú rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn ènìyàn ju òkò lù wọ́n, wọn kò tìtorí rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì, ọdún 1894, Quilliam yìí kan náà wà ní Èkó. Ó wá síbi ìṣílé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ní òpópónà Martins, ní Erékùṣù Èkó. Gómìnà Gilbert Carter ni alága ọjọ́ náà. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Edward Wilmot Blyden náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù tí wọ́n lórúkọ ní ìlú. Quilliam ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì, ọba ilẹ̀ Túúkì. Sultan náà fi oyè Bey dá ẹni tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà lọ́lá.

Ẹ kíyè sí i. Ọ̀dọ́ wa fi owó gọbọi wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Liverpool, kò mọ Quilliam. Quilliam ti Liverpool wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, nítorí mọ́ṣáláṣí tí púpọ̀ nínú wa kò tíì wọ̀ rí.

TA NI SHITTA?

Mohammed Shitta kì í ṣe ọmọ ọba. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì já gbà lójú omi, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Ìlú Waterloo ní Sàró ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1824. Ní ọdún 1844 ìdílé rẹ̀ padà wá sí ilẹ̀ wa, wọ́n dúró ní Àgbádárìgì, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Lèmọ́mù níbẹ̀. Nígbà tí ó yá ni Shitta wá sí Èkó. Ó ṣòwò gba ojú odò Ọya, Ọlọ́hun sì bùkún un. Owó yìí ni ó fi kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé, ni ó darí iṣẹ́ ilé náà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ fi jọ ti àwọn ilé Àgùdà. Ní ọdún 1895, ọdún kan péré lẹ́yìn ìṣílé, Shitta jáde láyé. Ilé náà ṣì wà, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀.

Ní Liverpool náà, ẹ má ṣe wo bí èbúté ti lẹ́wà nìkan. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, kò sí èbúté ní Yúróòpù tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣòwò ẹrú tó ti Liverpool. Òfin Bìrìtìkó ti de òwò náà láti ọdún 1807, kí wọ́n tó bí Shitta. Ṣùgbọ́n owó òwò náà wà lára ohun tí ó sọ ìlú náà di ńlá. Wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórí òwò ẹrú ní Albert Dock ní ọdún 2007. Ní ọdún 2025 wọ́n tì í fún àtúnṣe, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá rò lẹ́bàá odò Mersey nìyí: láti ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kó àwọn ènìyàn wa rí ni ọmọ ìlú náà ti wá, láti wá bu ọlá fún ọmọ àwọn tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ẹrú. Islam ni ó pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí, omi ojú lè bọ́ lójú rẹ̀ níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ya àwòrán.

IṢẸ́ TÍ SULTAN RÁN

Quilliam kò wá ní ọwọ́ òfìfo. Ó jíṣẹ́ Sultan, pé kí àwọn mùsùlùmí Èkó jẹ́ kí ọmọ wọn kàwé. Nígbà náà àwọn òbí ń bẹ̀rù, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé ìwé wà, ọmọ tí ó wọlé ní Muhammad lè jáde ní orúkọ mìíràn. Ní ọdún 1896 ìjọba ṣí ilé ìwé fún àwọn mùsùlùmí ní Èkó. Ní ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, láti tan ẹ̀kọ́ kálẹ̀ láàrin wa. Ìwọ tí o ń ka ewé yìí, o wà lára àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀.

OHUN ÀTIJỌ́ KÌ Í TỌ́JÚ ARA RẸ̀

Quilliam kúrò ní Liverpool ní ọdún 1908, àwùjọ rẹ̀ sì tú ká. Brougham Terrace di ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Abdullah Quilliam Society kí wọ́n tó tún kírun níbẹ̀ ní ọdún 2014. Ìlú Liverpool fúnra rẹ̀ gba orúkọ ogún àgbáyé lọ́wọ́ UNESCO ní ọdún 2004 nítorí èbúté rẹ̀. Ní ọdún 2021 wọ́n gba orúkọ náà padà, nítorí àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò yọ Èkó sílẹ̀. Ilé Ìlọ́jọ̀, ilé Àgùdà tí ó wà ní Tinúbú, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Bí a kò bá mọ iyì ohun tí a ní, a ó máa fi físà lọ wo ti ẹlòmíràn.

ÌLÀNÀ FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ RÌNRÌN-ÀJÒ

1. Àníyàn. Bi ara rẹ léèrè ìdí tí o fi ń lọ. Bí ó bá jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè rí àwòrán rẹ, tún un rò.

2. Ìrun. Láti Ṣàngótẹ̀dó dé Erékùṣù Èkó kò tó ìrìn-àjò tí a fi ń dín ìrun kù, nítorí ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ Málíkì fi sílẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 80. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gosíló Ajah ṣe àwáwí. Ní Liverpool, o lè dín ìrun onírákà mẹ́rin kù sí méjì, àyàfi bí o bá ti pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ̀ pé ní ìdajì oṣù Júùnù, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ tó kọjá.

3. Físà. Àdéhùn ni. Ẹni tí ó ní òun yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì tí ó wá sá pamọ́ ti da àdéhùn, bẹ́ẹ̀ Súrátul-Máídà fi àṣẹ mímú àdéhùn ṣẹ bẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ̀yin arábìnrin. Hàdíìsì wà lórí pé kí obìnrin rìnrìn-àjò pẹ̀lú ọkọ tàbí ìbátan rẹ̀ tí kò lè fẹ́ ẹ. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí àwọn èrò tí ó ṣeé fọkàn tán. Ẹ bi ààfáà yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

5. Ìwà. Rántí àwọn ará Mòrókò. Ó lè jẹ́ ìwọ nìkan ni mùsùlùmí tí ẹni tí ó jókòó tì ọ́ yóò rí ní ọdún náà.

IṢẸ́ ÌDÁNWÒ

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan Sátidé kan. Láti Ṣàngótẹ̀dó, ẹ wọ ọkọ̀ dé Ajah, kí ẹ sì wọ ti CMS. Ẹ múra bí ẹni tí ń lọ sí ilé Ọlọ́hun, ẹ lọ kí ìrun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ẹ kí Lèmọ́mù, kí ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ jíròrò lórí ìwọ̀nyí:

(a) Kí ni Quilliam rí ní Mòrókò tí àlejò kò ní rí ní àdúgbò wa?
(b) Ilé tàbí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ wo ni ó wà ní àdúgbò wa tí kò sí ẹni tí ó ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀?
(d) Nínú àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn náà, ta ni a ó lọ bá kí ó tó pẹ́ jù?

Ọ̀dọ́ wa tí ó ti Liverpool dé ti ní òun ni yóò ṣíwájú àwọn èrò àkọ́kọ́ lọ sí òpópónà Martins. A bá a yọ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣí ojú ọkàn wa, kí Ó kẹ́ àwọn tí wọ́n ti lọ, kí Ó sì mú wa lọ, kí Ó mú wa bọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.