Àpótí Ìmọ̀: 4,294,967,297

Kọ 2 sílẹ̀ ní ìgbà 32, sọ gbogbo wọn di púpọ̀ ara wọn, kí o sì fi 1 kún èsì rẹ̀: 4,294,967,297 ni wàá rí. Ní nǹkan bí ọdún 1640, Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ó nídìí tó fi rò bẹ́ẹ̀: bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹ̀gbọ́n nọ́ńbà yìí márààrún tí a rí lọ́nà kan náà, 3, 5, 17, 257 àti 65,537, ṣe rí.

Ní 1732, onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler já èrò náà ní koro nígbà tó rí i pé 641 × 6,700,417 ló bí i. Ohun tó fi hàn lẹ́yìn náà ló dùn mọ́ mi jù: tí a bá fi 64 pín nọ́ńbà yòówù tó lè pín in, 1 ní láti ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ la máa dán wò, ìyẹn àwọn tí kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. 193 kò pín in. 257, 449 àti 577 náà kò pín in. Ó wá kan 641.

Mú bébà, kí o ṣe ìsọdipúpọ̀ 641 × 6,700,417 fúnra rẹ.