Ìdí Ẹ̀fọ́ Kọ́, Inú Obì Ni

Lọ́jà Ayọ̀bọ̀, ìyá aláta kan ń ṣa àwọn tòmátì tó ti dáhò sọ́tọ̀. Ó ní, "Má mú ìyẹn, ọmọ mi. Ẹ̀bólà yẹn náà ló bà á jẹ́."

Ọdún 2016 ni orúkọ Ẹ̀bólà tòmátì yìí ti bọ́ sí wa lẹ́nu, nígbà tí tòmátì wọ́n gógó, tí ìjọba Kàdúná sì kéde ìpàjáwìrì lóṣù karùn-ún torí oko tó ti run. Ẹ̀bólà gidi ti wọ Èkó lọ́dún 2014, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà lára wa. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bólà, àrùn ni. Eléyìí tó ń ba tòmátì jẹ́, kòkòrò ni. Àrùn a máa mú ni. Kòkòrò a máa jẹ nǹkan.

Tuta absoluta ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó dé Sípéìnì lọ́dún 2006 kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má pè é ní labalábá. Àfòpiná ni: abẹ́ ewé ló ń sá sí lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde, kò sì ju hóró ìrẹsì lọ. Ìdin rẹ̀ ló ń ba oko jẹ́.

Ibi tí òwe ti ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí. A ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." A tún ní, "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà." Ọ̀pọ̀ ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, bí ẹni pé ìdí àti inú kò yàtọ̀. Ohun tó wà nídìí ẹ̀fọ́, béèyàn bá bẹ̀rẹ̀, á rí i ṣà. Tinú obì, àfi kéèyàn la obì.

Ìdin yìí, tinú obì ni. Àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé ló ń wọ̀, á máa gbẹ́ ẹran àárín jẹ. Ẹ gbé ewé náà sójú oòrùn: ibi tó ti kọjá á tín-ín-rín bí ọ̀rá, ìgbẹ́ rẹ̀ á hàn nínú. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n ń fọ́n sórí ewé fi sábà ń dúró síta, tí ìdin ń jẹun lọ nínú. Nítorí náà, "jẹ" nìkan kò tó o. "Gbẹ́" ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Èmi ń pè é ní ìdin agbẹ́wé.

Kì í sì í ṣe tòmátì nìkan ló ń gbẹ́. Ó ń gbẹ́ ewé igbá tí à ń jẹ, ó ń gbẹ́ ti ẹ̀gúnmọ̀ tí à ń gbìn sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo tọjà dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ yà sí, mo ń já ewé ẹ̀gúnmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé e sójú oòrùn.