Ìtọ́jú Sẹ́ńsọ̀ Afẹ́fẹ́ Ọkọ̀ Dísẹ̀lì Nígbà Ọyẹ́

Nígbà ọyẹ́, ìjì a máa gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n àti Ìdóàní. Ọ̀nà oko a sì fi tirẹ̀ kún un. Eruku yìí ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ̀lì òde òní, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà láàárín asẹ́ afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì. Iná mànàmáná ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ tí ń kọjá sì ń mú un tutù. Nípa èyí ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó wọlé. Bí eruku tàbí ọ́ìlì bá bò ó, irọ́ ni yóò máa pa: ọkọ̀ lè má lágbára lórí òkè, èéfín dúdú lè yọ, epo sì lè ṣòfò.

Bí a ti í fọ̀ ọ́ nìyí. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù, kí a sì tú wáyà kúrò lórí bátìrì. Kí a yọ sẹ́ńsọ̀ náà pẹ̀lẹ́. Oògùn tí a ṣe fún un nìkan ni kí a fín sí i, níbi tí kò sí iná. A kò gbọdọ̀ lo pẹtiróòlù, búrọ́ọ̀ṣì tàbí àkísà; ìka pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí ó gbẹgẹ́ bí ẹyin ojú. Kí ó gbẹ pátápátá kí a tó dá a padà.

Ṣùgbọ́n asẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó fọ sẹ́ńsọ̀ tí kò pààrọ̀ asẹ́ tí ó ya, ó dàbí ẹni tí ń gbálẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ìjì. Bí àléébù náà kò bá lọ, kí a tètè pe mẹkáníìkì, kí ọkọ̀ má baà dá iṣu àti kòkó dúró sójú ọ̀nà.