Owó Ń Bẹ Lẹ́yìn Ìlù

Àbúrò mi, fetí sí mi dáadáa, ọ̀rọ̀ àárín àwa méjèèjì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé lójú rẹ, kò síṣẹ́ gidi ní Bàrígà, àfi kéèyàn jí ní kùtù, kó wọkọ̀ tó ń gba afárá Third Mainland lọ sí Erékùṣù Èkó. Mi ò ní bá ọ jiyàn pé nǹkan ò le. Ṣùgbọ́n owó kan ń yí kiri ládùúgbò wa tí ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin kì í kà sí owó: owó ìlù, owó ijó, owó eré orí ìtàgé, owó ìwé títẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an là ń gbé, a ò sì bu níbẹ̀.

Wo Crown Troupe of Africa. Láti 1996 tí Segun Adefila ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, Bàrígà sì ni ibùdó wọn. Wo Footprints of David tí Seun Awobajo dá sílẹ̀, níbi tí ọmọ àdúgbò ti ń kọ́ ijó, ìlù àti eré ṣíṣe. O lè ní o ò mọ̀ ọ́n jó. Ta ló ní kó o jó? Kí eré kan tó bọ́ sórí ìtàgé, ẹnì kan ti rán aṣọ, ẹnì kan ti kun ojú òṣèré, káfíńtà ti kan pèpéle, ìyá olóúnjẹ ti bọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánrawò láti àárọ̀ títí di alẹ́, awakọ̀ sì ti gbé ìlù lọ. Gbogbo wọn ló gbowó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò sì mọ ẹsẹ̀ ijó kan.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ aránṣọ lo kọ́, jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún ọ. Aṣọ oníjó kì í ṣe aṣọ òde. Ẹni tó wọ aṣọ òde lè jókòó jẹ́jẹ́, àmọ́ oníjó máa gbẹ́sẹ̀ sókè, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tún yí bírí. Nítorí náà, fi aṣọ kún àárín itan ṣòkòtò, rán ojú rírán lẹ́ẹ̀mejì, kó o sì fi rọ́bà sí ìbàdí dípò sípù. Aṣọ tó ń fa òógùn mu ni kó o lò. Lékè gbogbo rẹ̀, lọ wo ìdánrawò kó o tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Aránṣọ tí aṣọ rẹ̀ ò bá já lára oníjó, òun ni wọ́n máa tún pè.

Ní ti Ṣómólú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tá a bá dárúkọ ìwé títẹ̀ l'Ékòó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ. Rìn gba òpópónà Shyllon tàbí Bajulaiye, wàá rí i. Ẹni tó ya iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kì í sábà ní ẹ̀rọ. Ó máa gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe pléètì, pléètì á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bíi GTO tàbí Kord, ẹlòmíràn á gé bébà, ẹlòmíràn á dì í. Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè la ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, kò sì síbi tó dé tí kò fi owó sílẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi fi máa ń bàjẹ́ tí ọmọ Bàrígà bá gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lọ tẹ̀ síbi jíjìn.

Ìwọ náà lè wọ ibẹ̀ láìní ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n á máa gbé e kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n á sì jèrè tiwọn. Mọ èyí: ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń ka owó ẹ̀rọ. Bí o bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà 300, owó ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti 1,000, nítorí náà ẹ̀rọ alákọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DI ló yẹ kó o béèrè. Tó bá jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ka orúkọ ìyàwó, orúkọ ọkọ àti déètì kí wọ́n tó ṣe pléètì. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe lẹ́tà kan ti di owó pléètì tuntun.

Orin ni gbogbo ayé fi mọ̀ wá jù. Ládùúgbò yìí ni àwọn olórin bíi 9ice àti Olamide ti dìde. Olamide dá ilé iṣẹ́ orin YBNL sílẹ̀ ní 2012, nígbà tó sì yá, Lil Kesh tó jẹ́ ọmọ Bàrígà wà lára àwọn tó fà mọ́ra. Yorùbá ni wọ́n sábà máa ń fi kọrin. Ìjọba àpapọ̀ náà ti rí owó tó wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n tún ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí ṣírò ní 2014, wọ́n ka fíìmù àti orin mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Owó eré kì í tètè jáde, má fi owó ilé rẹ lé e lórí. Gba àsansílẹ̀ tó ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ló gbéṣẹ́ wá, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Èyí tó bá wọlé, bù díẹ̀ sí àjọ kó o tó náwó sí nǹkan mìíràn. Tó bá di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ eré kan ń ṣe ìdánrawò, mú téèpù ìwọnṣọ rẹ dání, wá ẹni tó ń bójú tó aṣọ ẹgbẹ́ náà lọ, kó o bi í pé èwo ló ti ya.