Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ìpẹtà Inú Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Ohun tí a fẹ́ kọ́
Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ka àyọkà nípa bí a ṣe ń tún ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ ṣe. A ó kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún irin tó ń bàjẹ́. A ó sì wo bí a ṣe ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú “kí … tó”, “lẹ́yìn tí” àti “títí … fi”.

Kí ẹ tó ka àyọkà
Yorùbá ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún ohun pupa tó máa ń bo irin tí omi bá ti ń kàn án. “Ìpẹtà” àti “ìpáàrà” jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. “Ìpáàrà” ni ẹ óò bá pàdé nínú Bíbélì Yorùbá, ní Mátíù orí 6. “Dípẹtà” àti “dógùn-ún” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: Ọ̀bẹ náà ti dógùn-ún. Irin ni a máa ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún. Àlùmíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin. Ìyẹ̀fun funfun ló máa ń yọ lára rẹ̀. Fún un, a lè sọ pé: Omi ti jẹ ẹ́.

Àyọkà
Ìlú òjò ni Manchester. Láyé ọjọ́un, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ agbègbè yìí wà lára ohun tó mú kí iṣẹ́ òwú rọrùn níbẹ̀, nítorí òwú tó bá gbẹ jù máa ń já. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe òwú lóore kò ṣe irin lóore. Ẹ wo ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó ti wà nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé láti ogún ọdún, ìbáà jẹ́ Stihl láti Jámánì tàbí Husqvarna láti Sweden. Bí ẹ bá nu ara rẹ̀, ó lè máa dán. Àmọ́ kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Báwo ni omi ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnnì? Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù. Àdàlù náà á kọ́kọ́ gba ikùn ẹ́ńjìnnì kọjá, á fi ọ́ìlì ra àwọn bíárìn, kó tó dé inú sílíńdà. Bí ayùn bá wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bẹntiróòlù á fẹ́ lọ. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná. Ní òru, á tutù, ìrì á sì sẹ̀ sára irin. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, E10 ni bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà jù ní Bìrìtìkó: nínú lítà 100, ó lè ní tó lítà 10 ọtí ẹtánọ́ọ̀lù. Ọtí yìí máa ń fa omi mọ́ra. Bí omi náà bá pọ̀ jù, òun àti ọtí á ya kúrò lára bẹntiróòlù, wọn á sì rì sí ìsàlẹ̀ táńkì àti kábúrétọ̀.

Irin oríṣiríṣi ló tún wà nínú ilé kan náà. Mágnísíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ikùn ọ̀pọ̀ ayùn, nítorí pé ó fúyẹ́. Àlùmíníọ̀mù ni sílíńdà. Irin líle ni àwọn bíárìn àti bóòtù. Bí omi bá so mágnísíọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ irin líle, mágnísíọ́ọ̀mù ni á kọ́kọ́ jẹ. Ìdí nìyí tí ojú ihò bóòtù fi máa ń rà.

Ẹ má ṣe fa okùn tí a fi ń tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó wo inú rẹ̀. Bí ríìngì bá ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà, ó lè ṣẹ́, kó sì ha ara sílíńdà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú sálẹ́ńsà kúrò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ óò rí písítìnì àti ríìngì níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, ẹ da ọ́ìlì fẹ́lẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì tó há sí ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ọwọ́ yí i síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú. Ẹ má fi òòlù lu písítìnì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u palẹ̀, ẹ yẹ bíárìn wò. Ìpẹtà fẹ́lẹ́ níbi tí nǹkan kan kì í ti í fara kan nǹkan kò burú. Ẹ lè fi ọ́ìlì nù ún. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò, bó ti wù kó kéré tó, sí ojú ibi tí bíárìn ń yí lé, ẹ pààrọ̀ bíárìn náà. Ẹ́ńjìnnì ayùn òde òní lè yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ihò kékeré kì í pẹ́ di ńlá níbẹ̀.

Ẹ lè rẹ bóòtù tó dípẹtà sínú fínígà, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á. Ẹ má ṣe rẹ mágnísíọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, nítorí pé fínígà á jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì fi fáìlì rin ín, ẹ ṣọ́ra fún iná: ẹ̀lẹ́ rẹ̀ máa ń jó. Bó bá gbiná, ẹ má da omi sí i. Iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ fi bò ó.

Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì síìlì tó ti gan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé, epo inú àdàlù á dínkù, ọ́ìlì á dínkù pẹ̀lú rẹ̀, písítìnì á gbóná títí yóò fi há.

Búréèkì ló gbẹ̀yìn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Òun ló ń dá ṣéènì dúró nígbà tí ayùn bá ta sókè sí ojú ẹni tó mú un. Bí ìpẹtà bá ti jẹ irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ẹ ra tuntun. Àwọn ayùn àtijọ́ kan kò tilẹ̀ ní búréèkì rárá. Ẹ tún irú wọn ṣe, ẹ nù wọ́n kí wọ́n dán, kí ẹ gbé wọn sójú àwòran. Ẹ má fi wọ́n gé igi.

Àkíyèsí gírámà
1. “Kí … tó” ń sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣáájú: Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó fa okùn.
2. “Lẹ́yìn tí” ń sọ ohun tó ti parí: Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u palẹ̀, ẹ yẹ bíárìn wò.
3. “Títí … fi” ń sọ ibi tí iṣẹ́ parí sí: Ẹ máa yí i títí yóò fi tú.
4. “Má” jẹ́ ìkìlọ̀. “Kì í” ń sọ ìṣe tàbí ìwà tí kò sí. Ẹ fi wéra: Ẹ má da omi sí i. Àlùmíníọ̀mù kì í pọ́n.

Ìdánrawò
1. Kí ni òwe “Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà” ń sọ nínú àyọkà yìí? Ẹ lò ó fún ọ̀rọ̀ mìíràn tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ.
2. Kí nìdí tí a fi lè rẹ bóòtù sínú fínígà, tí a kò sì gbọdọ̀ rẹ ikùn ẹ́ńjìnnì síbẹ̀?
3. Ẹ fi “kí … tó” àti “títí … fi” kọ ìlànà márùn-ún fún iṣẹ́ kan tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.
4. Bàbá àgbà yín fẹ́ fi ayùn àtijọ́ tí kò ní búréèkì gé igi ẹ̀yìnkùlé lọ́la. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí wọn láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé a kì í pàṣẹ fún àgbà: “Ẹ jọ̀ọ́, sà” àti “Ǹjẹ́ kò ní sàn kí ẹ …?” yóò wúlò fún yín.