Ẹ̀kọ́ Tuntun fún Ọwọ́ Tó Ti Gbó: Alùpùpù láti Ojú Títì dé Pápá Eré-Ìje

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Òwe yìí bá ẹni tó ti gun alùpùpù lójú títì fún ogún ọdún mu gan-an, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gbé e wọ pápá eré-ìje. Ó mọ bí a ti ń yẹ kòtò sílẹ̀. Ó mọ bí a ti ń fura sí dírẹ́bà tó fẹ́ já wọ títì láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ní pápá, kò sí kòtò, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, kò sí ẹni tó ń sọdá. Ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n tó ti ń dáàbò bò ó kò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, òmíràn nínú wọn sì lè ṣì í lọ́nà.

Ìdí méjì ni a fi gbé kókó yìí wá fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde ní ẹ̀ka físíìsì wa. Èkíní ni pé ohun tí a kọ́ ní ọdún kìíní nípa agbára, ìyára àti òbìrí wà nínú rẹ̀ kedere, ó sì wúlò ju orí ìwé ìdánwò lọ. Èkejì ni pé ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín kí nǹkan mọ́ni lára àti kí a mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí nǹkan mọ́ lára lè ṣe é fún ogún ọdún láìmọ ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà, àìmọ̀ yẹn lè gba ẹ̀mí.

Bí ọjọ́ pápá ṣe ń lọ

Ẹ jẹ́ ká fi Brands Hatch ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn pápá eré-ìje tó wà ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kì í ṣe eléré-ìje máa ń sanwó láti lo irú pápá báyìí fún ọjọ́ kan. Láàárọ̀, wọ́n á yẹ alùpùpù wò, wọ́n á wọn ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á sì ṣàlàyé òfin: àsíá pupa túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn dẹ ìrìn, kí wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti wá, àsíá aláwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí pé ewu wà níwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Dandan ni akoto, ìbọ̀wọ́, bàtà gíga àti aṣọ awọ. Wọ́n á pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ wọn ti tó, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á sì máa wọlé fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Ohun kan máa ń ya àwọn ará títì lẹ́nu: ọ̀pọ̀ ló ń yọ dígí ìwẹ̀yìn tàbí kí wọ́n bò ó. Lójú títì, ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn ń wá wàhálà. Ní pápá, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ni ẹrù àtikọjá láìpa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ ẹni tó wà níwájú ni kó wo iwájú, kó má sì ṣàdédé yí ipa ọ̀nà rẹ̀ padà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ojú

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ ibi tí kò ju mítà 15 lọ níwájú rẹ̀ ló tẹjú mọ́, ohun tó rí ti kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ọpọlọ sọ. Ilẹ̀ á dà bí ohun tó ń sáré bọ̀ wá bá a, ẹ̀rù á sì bà á ju bó ti yẹ lọ.

Awakọ̀ títì ti sọ ọ́ dàṣà láti máa wo ilẹ̀ nítorí kòtò, iyanrìn àti epo tó dà sílẹ̀. Ní pápá, olùkọ́ á ní kó gbé ojú sókè: kó wá ibi tí yóò ti yí, kó tó débẹ̀ kó ti máa wo ibi tí yóò ti fara kan etí inú kọ́nà, kó tó débẹ̀ náà kó ti máa wo ibi tí yóò jáde sí. Ibi tí ojú bá wà ni alùpùpù máa ń forí lé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó tẹjú mọ́ ògiri nítorí pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀ fi sábà máa ń lọ bá a.

Ẹ̀kọ́ kejì: ti ọ̀tún kí o tó lọ sọ́tùn-ún

Ẹ bi ẹni tó ti gun alùpùpù pẹ́ léèrè bó ṣe ń yí. Ọ̀pọ̀ á ní ara ni wọ́n ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bí ìrìn bá ti kọjá ti ẹsẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ sọ́tùn-ún á kọ́kọ́ ti háńdù ọ̀tún síwájú. Táyà iwájú á dojú kọ òsì fún ìgbà díẹ̀ péré, á yọ kúrò lábẹ́ ìwúwo alùpùpù àti ẹni tó gùn ún, gbogbo rẹ̀ á sì fì sọ́tùn-ún. Lẹ́yìn náà ni táyà iwájú á fúnra rẹ̀ yí sí ọ̀nà tí a ń lọ.

Wilbur Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ti kíyè sí èyí lára kẹ̀kẹ́ ológeere. Keith Code, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ California Superbike School sílẹ̀ ní 1980, tún wá fi ojúṣe hàn án. Ó so háńdù kejì tí kò lè yí mọ́ ara alùpùpù kan, ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ìyẹn mú kí wọ́n máa fara yí i. Wọ́n fì títí, alùpùpù náà kò yí dáadáa.

Kí ló kan ogún ọdún nínú ọ̀rọ̀ yìí? Awakọ̀ wa ti ń ti háńdù láìmọ̀. Nínú kọ́nà jẹ́jẹ́, àìmọ̀ náà kò pa á lára. Ṣùgbọ́n bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni táyà tó ń yí ṣe máa ń le tó láti fì, títì náà sì gbọ́dọ̀ lágbára sí i. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe á rò pé alùpùpù kọ̀ láti yí. Ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Southern California gbé jáde ní 1981 fi bí èyí ti burú tó hàn. Wọ́n yẹ ìjàm̀bá alùpùpù 900 wò ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì rí i pé ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kàn ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ, tàbí lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Nígbà tí ewu dé, ọ̀pọ̀ fún bíréèkì ẹ̀yìn pọ̀jù, wọn kò lo ti iwájú tó, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí a ti ń ti háńdù láti yẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ìṣirò inú kọ́nà

Ibi tiwa rèé. Bí θ bá jẹ́ ìwọ̀n bí alùpùpù ṣe fì, tí v jẹ́ ìyára, tí r jẹ́ ìwọ̀n láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀, tí g sì jẹ́ òòfà ilẹ̀ (9.81), nígbà náà:

tan θ = v² ÷ (r × g)

Ẹ mú ìyára 20 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 72 kìlómítà ní wákàtí. Bí r bá jẹ́ mítà 40, 400 ÷ 392.4 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.02, alùpùpù gbọ́dọ̀ fì tó dígírì 45 ó lé díẹ̀. Bí r bá di 80 ńkọ́? 400 ÷ 784.8 jẹ́ 0.51, ó di dígírì 27. Eré kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni kejì ṣì ní ààyè, nígbà tí ẹni kìíní ti sún mọ́ ibi tí agbára táyà ń pin sí.

Ìdí nìyí tí a fi ń wọ kọ́nà láti etí òde, tí a ń fara kan etí inú, tí a sì ń jáde sí etí òde. Ó ń sọ r di ńlá. Awakọ̀ títì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ kó má ṣe é, nítorí pé ìdajì ọ̀nà yẹn jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn tètè yí. Ní Paddock Hill Bend, kọ́nà àkọ́kọ́ ní Brands Hatch, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹni tó ń wọ ibẹ̀ kì í sì í rí ìsàlẹ̀ náà dáadáa. Ẹni tó bá tètè yí á fara kan etí inú kíákíá, inú rẹ̀ á dùn, àfi ìgbà tí ọ̀nà bá tán nígbà tí kọ́nà kò tíì tán. Ẹni tó mú sùúrù, tó pẹ́ kó tó yí, á rí ojú ọ̀nà gbalaja níwájú rẹ̀.

Fífa ara sínú kọ́nà náà wà nínú ìṣirò yìí. Bí ènìyàn bá sún ìdí àti àyà rẹ̀ sí apá inú, ìwúwo rẹ̀ lọ síbẹ̀, alùpùpù fúnra rẹ̀ kò sì ní láti fì tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: bíréèkì àti ohun tí táyà lè gbé

Ìlọ́po méjì eré kì í ṣe ìlọ́po méjì ìdúró. Bí bíréèkì bá ń dín ìyára kù ní mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí á dúró láàárín nǹkan bíi mítà 48. Ẹni tó ń sá 200 á gba nǹkan bíi 193, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin.

Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, torí pé ìwúwo máa ń ṣí lọ síwájú. Ṣùgbọ́n a kì í já a gbà. A ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì iwájú wálẹ̀, kí táyà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá tẹ̀ ẹ́ le. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí a bá fẹ́ fi bíréèkì wọ kọ́nà, ẹ rántí Pythagoras. Bí a bá ka gbogbo agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú sí 1, tí yíyí bá ti gba 0.8, ohun tó kù fún bíréèkì kì í ṣe 0.2 bí kò ṣe 0.6, nítorí pé 0.8² + 0.6² = 1. Ṣùgbọ́n bí yíyí bá gba gbogbo rẹ̀, bíréèkì kò ní nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, bí alùpùpù ṣe ń fì sí i ni a ń tú ọwọ́ bíréèkì díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: ara tó ń bẹ̀rù

Èyí ló le jù. Code sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1983, A Twist of the Wrist, pé àkíyèsí ènìyàn dà bí dọ́là mẹ́wàá lápò: bí ìbẹ̀rù bá ná mẹ́jọ, méjì ló kù fún iṣẹ́. Bí ẹ̀rù bá sì ti dé láàárín kọ́nà, ara máa ń ṣe nǹkan mẹ́ta láìbéèrè: ọwọ́ á pa iná lójijì, apá á di háńdù mú gírígírí, ojú á lẹ̀ mọ́ ohun tí à ń bẹ̀rù.

Ìpalára ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pípa iná lójijì ń da ìwúwo sórí táyà iwájú tó ti ń ṣiṣẹ́ yíyí lọ́wọ́, ó sì ń mú kí alùpùpù wálẹ̀, tí ibi ìfẹsẹ̀lé á fi sún mọ́ ilẹ̀. Dídi háńdù gírígírí kò jẹ́ kí táyà iwájú tún ara rẹ̀ ṣe lórí gegele. Ti ojú, a ti sọ ọ́. Ohun tí Code kọ́ni ni pé bí a bá ti fún un níná nínú kọ́nà, kí a máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, láìdábọ̀, títí a ó fi jáde.

Ẹni tó ti pẹ́ lójú títì kò yọ nínú èyí. Níbi tí ọjọ́ orí ti wúlò fún un ni pé ó mọ ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ó sì lè dẹ eré kó tó wọ kọ́nà tó kàn.

Ohun tí a lè gbé padà sílé

Ojú tó ń wo iwájú, ọwọ́ tó mọ ohun tó ń tì, bíréèkì tí a fi ẹ̀sọ̀ tẹ̀ àti sùúrù kí a tó yí: ìwọ̀nyí wúlò lójú títì ibikíbi, nítorí pé òfin físíìsì kò yàtọ̀ láàárín Kent àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n eré pápá kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jáde ní géètì. Ní pápá, ẹni tó ṣubú sábà máa ń yọ̀ lọ sórí òkúta wẹ́wẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á sì sáré dé. Lójú títì, òpó iná àti tírélà ló ń dúró. Ẹni tó kó ìgboyà nìkan bọ̀ láti pápá léwu ju bó ti wà kó tó lọ. Ẹni tó kó ìmọ̀ bọ̀ ló jèrè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Alùpùpù kan ń sá eré mítà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú kọ́nà tí r rẹ̀ jẹ́ mítà 100. Dígírì mélòó ni yóò fì?
2. Bí yíyí bá gba 0.6 nínú agbára táyà, mélòó ló kù fún bíréèkì?
3. Kí ni ẹ̀yin náà ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ tí ẹ kò tíì lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe é?