Ìdána Ti Parí, Ìwé Ńkọ́? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìwé Ìgbéyàwó fún Àwa Tí A Wà ní Ìlú Ọba

Ní ojú ìwé ọrọ̀ ajé yìí, owó orí, ilé rírà àti owó ìfẹ̀yìntì ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbéyàwó ni a fẹ́ fi kọ́ra wa. Ẹ lè béèrè pé kí ló kan oníṣirò owó nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ó kàn wá gan-an ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wá sí ọ́fíìsì wa. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà ni. Ó gbé àwo fọ́tò ìgbéyàwó wọn dání. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, alága ìdúró àti alága ìjókòó ń dá àwọn ènìyàn lára yá, ẹbí méjèèjì wọ aṣọ ẹbí, pásítọ̀ sì gbé ọwọ́ lé tọkọtaya lórí. A bi wọ́n pé, "Mà, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ṣé fọ́tò yìí ò tó ni?"

Kò tó. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni ìdána náà ti wáyé, wọn kò sì dé rẹ́jísírì lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 19 ni wọ́n fi gbé pọ̀, ọmọ méjì ni wọ́n bí. Orúkọ bàbá nìkan ló wà lórí ilé, bàbá kò sì kọ ìwé ìhágún. Nínú ilé wa àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, opó ni ìyá yìí. Lójú òfin Ìlú Ọba, wọn kì í ṣe opó rárá. Àwọn ọmọ ló ni ilé, ìyá wọn sì ní láti gba lọ́yà kí kóòtù tó lè fún wọn ní ohunkóhun níbẹ̀. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn láàárín wa ni a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Òfin England àti Wales ni a ń sọ. Scotland àti Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀.

1. Ìgbéyàwó wo ni òfin mọ̀?

Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ní ilẹ̀ yìí, ọ̀nà mélòó kan ni òfin là sílẹ̀. Ẹ lè ṣe é ní rẹ́jísírì, tàbí ní gbọ̀ngàn tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba ìbílẹ̀ ti fọwọ́ sí, tí akọ̀wé rẹ́jísírì yóò sì wá síbẹ̀. Ẹ lè ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ẹ sì lè ṣe é ní ilé ìjọsìn mìíràn tí a ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbéyàwó, níwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ.

Ẹ kíyèsí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló ń háyà gbọ̀ngàn tàbí ilé ìtajà àtijọ́ fún ìsìn. Bí wọn kò bá tí ì fi ilé náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, àdúrà ni pásítọ̀ gbà fún yín, kò so yín pọ̀ lójú ìjọba. Bákan náà ni fún àwa Mùsùlùmí. Yìgì tí a so nínú pálọ̀ tàbí ní mọ́sáláṣí tí kò ní àṣẹ ìgbéyàwó kò dúró fún ìgbéyàwó òfin. Ní February 2020, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Akhter àti Khan pé irú yìgì bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ tó ohun tí kóòtù lè tú ká, nítorí kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdána tí a ṣe ní gbọ̀ngàn níbí náà kò yàtọ̀.

A kò ní kí ẹ má ṣe ìdána o. Àṣà wa ni, ẹwà wa sì ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ẹni tó ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sórí aṣọ àti ìrẹsì kò gbọdọ̀ gbàgbé ìwé.

2. Bí a ṣe ń fi tó rẹ́jísírì létí

Kí ìgbéyàwó tó wáyé, ọkọ àti ìyàwó ní láti lọ fúnra wọn sí rẹ́jísírì láti fi èrò wọn hàn. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ní England tàbí Wales fún ọjọ́ 7 ó kéré tán kí ẹ tó lọ. Wọn yóò lẹ ìwé náà mọ́ra fún ọjọ́ 28, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kó wáyé lè sọ ọ́. Ìwé náà wúlò fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ dárúkọ nínú rẹ̀ nìkan ló wà fún. Bí ẹ bá yí gbọ̀ngàn padà, ẹ ó tún un ṣe.

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí tàbí ọmọ Ireland, kálukú lè lọ sí ti àdúgbò rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú yín bá wà lórí físà, ẹ jọ ń lọ pọ̀ ni, sí rẹ́jísírì tí ìjọba yàn fún irú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Láti March 2015, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Home Office, tó bá sì fẹ́ ṣèwádìí, ọjọ́ 28 lè di ọjọ́ 70. Nítorí náà, ẹ má tíì pín káàdì ìpè, ẹ má sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Mọ̀mí nílé, títí ẹ ó fi mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín.

Láti 4 May 2021, wọn kò kọ ìgbéyàwó sínú ìwé ńlá mọ́. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní schedule ni tọkọtaya, ẹlẹ́rìí méjì àti ẹni tó so wọ́n pọ̀ ń fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ni, ìwé náà gbọ́dọ̀ padà dé rẹ́jísírì láàárín ọjọ́ 21, kí wọ́n tó lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ yan ẹnìkan tí yóò gbé e lọ, kó má di pé ó wà nínú àpò pásítọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

3. Ìwé tí ẹ ó kó dání

Pásípọ́ọ̀tù kálukú. Ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ̀rí físà, bí ẹ bá wà lórí físà. Bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó rí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí kóòtù fi parí rẹ̀, tàbí ìwé ikú ẹni tó ṣaláìsí. Bí kóòtù ilé ló tú ìgbéyàwó àtijọ́ ká, ẹ gbé ojúlówó ìwé náà wá, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti dá owó orí ìyàwó padà láìdé kóòtù lè dá wàhálà sílẹ̀ níbí. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé iwájú akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń dá wa dúró jù. Fọláṣadé ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, Ṣadé ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, orúkọ oríkì ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ilé ìwé. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ìsinsìnyí sì ń gba orúkọ bàbá àti ìyá tọkọtaya méjèèjì. Ẹ pe àwọn òbí yín lórí fóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn bí ó ti wà nínú ìwé, kì í ṣe bí wọ́n ti ń pè wọ́n ládùúgbò.

4. Bí àfẹ́sọ́nà bá wà nílé

Ẹni tó gba físà àbẹ̀wò lásán kò lè fi ṣègbéyàwó níbí. Físà méjì ló wà fún un. Èkíní wà fún ẹni tí yóò ṣègbéyàwó kó sì padà sílé láàárín oṣù 6. Èkejì wà fún àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ dúró. Oṣù 6 náà ni, kò sì lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi ṣègbéyàwó tí yóò sì gba físà ọkọ tàbí ìyàwó. Láti 11 April 2024 ni owó iṣẹ́ tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wá ti kúrò ní £18,600 lọ́dún, tó di £29,000. Ìjọba máa ń yí iye yìí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé.

5. Ìgbéyàwó tí a ti ṣe nílé

Bí ìgbéyàwó bá bófin mu níbi tí a ti ṣe é, tí àwọn méjèèjì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ara wọn, Ìlú Ọba yóò mọ̀ ọ́n. Kò sí pé ẹ tún ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ìdí nìyí tí ìdána Ìbàdàn fi lè so yín pọ̀, tí ìdána Peckham kò sì lè ṣe é.

Ìgbéyàwó kóòtù ní Nàìjíríà ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù A ni a fi ń sọ fún rẹ́jísírì, ọjọ́ 21 yóò kọjá, ìgbéyàwó sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìfitónilétí. Fọ́ọ̀mù E ni ìwé ẹ̀rí tí tọkọtaya ń gbé lọ sílé. Ìdána nìkan náà jẹ́ ìgbéyàwó nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ṣòro. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹbí méjèèjì búra ní kóòtù, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó ti san owó orí ìyàwó nílé kì í ṣe àpọ́n. Bí ó bá wá síbí tó sọ fún akọ̀wé pé òun kò níyàwó, tó sì fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 7 fún un. Nílé pẹ̀lú, ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní ìlànà ìbílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ìyàwó kejì náà kò sì ní rí nǹkan kan gbà.

6. Owó tó wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan fi dúkìá £525,000 sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé ìyàwó òun ni kó ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń gbé ilẹ̀ yìí pẹ́, tí wọ́n sì ṣègbéyàwó òfin, kò sí owó orí ogún kankan. Bí wọn kò bá ṣe é, £325,000 àkọ́kọ́ ló bọ́. £200,000 tó kù yóò san ìdá 40 nínú 100. £80,000 nìyẹn, tí obìnrin náà lè ní láti ta ilé kó tó lè san.

Bí ọkùnrin náà kò bá kọ ìwé ìhágún ńkọ́, tó sì ní ọmọ? Láti 26 July 2023, aya tí òfin mọ̀ ń gba £322,000 àkọ́kọ́ àti ìdajì ohun tó ṣẹ́kù. Nínú £525,000 yẹn, £423,500 ni tirẹ̀, àwọn ọmọ yóò pín £101,500. Obìnrin tí òfin kò mọ̀ kò ní gba kọ́bọ̀ nínú ìpín yìí. Bí wọ́n bá ti jọ gbé fún ọdún méjì títí di ọjọ́ ikú, ó lè lọ bẹ kóòtù lábẹ́ òfin 1975, ṣùgbọ́n oṣù 6 ni wọ́n fún un lẹ́yìn tí a bá ti fún ẹnìkan láṣẹ lórí dúkìá náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ohun kékeré kan tún wà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó £12,570 lọ́dún lè gbé £1,260 nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ọkọ tàbí aya tó ń san owó orí ìpele ìsàlẹ̀. £252 lọ́dún ló ń mú padà, a sì lè béèrè ti ọdún 4 sẹ́yìn. Ọjọ́ ìgbéyàwó òfin ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Ẹ tún rántí pé ìgbéyàwó máa ń pa ìwé ìhágún àtijọ́ rẹ́, àyàfi bí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéyàwó náà lọ́kàn. Bí ẹ bá lọ sí rẹ́jísírì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ pe lọ́yà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Iṣẹ́ ilé

Lálẹ́ òní, kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan jókòó kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni a ti ṣègbéyàwó? Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ wa? Ṣé orúkọ inú rẹ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu? Orúkọ ta ló wà lórí ilé? Bí ìdáhùn kan bá rú yín lójú, kò tíì pẹ́ jù. Tọkọtaya tó ti gbé pọ̀ fún ogún ọdún lè lọ sí rẹ́jísírì láìsí ariwo, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì péré. Bí ó bá sì jẹ́ pé nílé ni ẹ ti ṣe ìdána, ẹ sọ òtítọ́ fún akọ̀wé, kí ẹ má sọ pé àpọ́n ni yín.

Ìyá yẹn rí díẹ̀ gbà níkẹyìn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ owó lọ́yà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún wa nìyí: "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ wa." A ti sọ ọ́ o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.